Ta ló ní kò síṣẹ́ ọlidé nílẹ̀ Òkun?

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Bí ilé ìwé bá ti ń múra àtipa, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ nílẹ̀ Òkun wa, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbbà dé Ìyàrà, láti Mopà dé Ẹ̀gbẹ́: pé kò síṣẹ́ nílé fún akẹ́kọ̀ọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ rí owó ìwé rẹ̀ kó yáa wọkọ̀ lọ Èkó tàbí Àbújá. Àwọn òbí gbà á gbọ́. Àǹtí tó wà l'Ékòó náà gbà á gbọ́, òun ló máa ń ní "ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi". Èmi ò gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wo oko wa. Ta ló ń kọ ebè níbẹ̀? Àwọn Ẹbirà ni, àti àwọn tó ti ìpínlẹ̀ Bẹ́núé wá. Wọ́n á gba yàrá, wọ́n á ṣiṣẹ́ láti oko ẹnì kan dé ti ẹlòmíì, wọ́n á kówó wọn lọ sílé. Àlejò kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wá síbi tí kò síṣẹ́. N kò ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ ebè o. Ẹni tí kò kọ ọ́ rí, ẹ̀yìn ò ní jẹ́ kó dìde lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lójú wa níbí, a kàn ń wo ibòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti Èkó. Ọlidé gígùn ilé ìwé girama máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Júláì, ó máa ń parí láàárín Sẹ̀tẹ́ńbà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Ọmọ á fi ọ̀sẹ̀ kìíní mọ̀nà, á fi ìkejì wáṣẹ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á bi í pé ìgbà wo ló ń padà sílé ìwé. Bó bá sọ òótọ́, wọn ò ní gbà á, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ènìyàn níṣẹ́ kẹ́ni náà tún di ẹrù rẹ̀. Bó bá purọ́, owó oṣù kan péré ló máa gbà, torí ìparí oṣù ni wọ́n ń sanwó. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ kúrò nínú ẹ̀. Ẹ yọ owó ọkọ̀ òòjọ́ láti ilé àǹtí dé ibi iṣẹ́, ẹ yọ oúnjẹ ọ̀sán, kẹ́ ẹ wá sọ iye tó kù fún mi. Mi ò tíì mẹ́nu ba títì wa tó bàjẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé tí kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ sinmi títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá kò fara sin. Bí Disẹ́ńbà bá dé, bàtà tuntun ẹni tó ti Èkó dé là ń rí, a kì í rí gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣa kajú gbowó, bí o bá bi í léèrè ohun tó ṣe ní ọlidé, á ní "mi ò ṣe nǹkan kan". Òun fúnra rẹ̀ ò kà á síṣẹ́.

Àwọn mìíràn á ní Ọ̀bàjànà làwọn ń lọ. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ tóbi lóòótọ́, ó lè ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 16.25 lọ́dún. Àmọ́ aítì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé gíga ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe, lọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ irú ibi bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ilé ìwé gíga rẹ̀. ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, tó dá ètò aítì yìí (SIWES) sílẹ̀ ní 1973 ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ tó ń kọ́ ni. Wọn ò dá a sílẹ̀ fún owó ọlidé. Ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún 15, òfin kò gbà á láyè nílé iṣẹ́ ńlá rárá.

Ẹ padà wá sọ́dọ̀ kajú. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, láti bíi Fẹ́búárì sí Méè ló sì ń já bọ́, ọlidé Àjíǹde bọ́ sáàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. A ó ṣa èso tó já sílẹ̀, a ó yí kóró kúrò lára rẹ̀, a ó sá a sóòrùn bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó rọ ọ́ sápò. Múdù tàbí kílò ni wọ́n fi ń ṣírò owó ẹni tó ṣa á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ jù, ìdí òṣùwọ̀n ló wà. Ẹni tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ nílò ẹni tó mọ̀ṣirò, tó lè kọ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Jánúárì ni wọ́n ti ń wá ọwọ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ilé ìwé pa, ó bá àyè tó ti kún ni. Òróró inú èèpo kajú ń bó awọ ara, ẹ má fẹnu ṣán an. Oko tó bá sì jìnnà, ẹ má dá a lọ.

Ti Ògọ́ọ̀sì, lẹ́sìn ni, ìyẹn kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé gbowó. Ògọ́ọ̀sì ni èsì WAEC sábà máa ń jáde, ọjọ́ yẹn lẹ ó mọ iye ọmọ tí ìṣirò já kulẹ̀ ládùúgbò yín. Ọ̀pọ̀ wọn á forúkọ sílẹ̀ fún NECO tó ń wáyé ní Nòfẹ́ńbà sí Disẹ́ńbà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó mọ ìṣirò dáadáa kò nílò kó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni: kó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kan ní Júùnù pé kó yá òun ní kíláàsì kan, kó bá àwọn òbí mẹ́fà sọ ọ́, kí wọ́n máa san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ wa á fi ibi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní "tíṣà" sílẹ̀, wọ́n á lọ ru ẹrù l'Ọ́ṣòdì.

Disẹ́ńbà kò gba àlàyé púpọ̀. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìdúpẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ́ jọ. Alásè ń wá ẹni tó máa gbé oúnjẹ, oníkánópì ń wá ẹni tó máa to àga, iyán tí a ò sì lè má jẹ, àwọn géńdé ló ń gún un, wọ́n sì ń gbowó. Aṣọ híhun nìkan ni mo máa yọ sẹ́yìn. Ìlú Ọ̀gìdì lókìkí fún un, ibẹ̀ ni ìlú Màmá Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ tó ní ibi ìkọ́ṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọlidé kan kò tó láti mọ̀ ọ́n hun débi tí ẹnikẹ́ni á fi sanwó fún ọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ ènìyàn ò lè ríṣẹ́. Ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Ní ọjà Kàbbà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi ọ́ ni "ọmọ ta ni ọ́?" Tóò, ìbéèrè tó o lè dáhùn nílé rèé. Ta lo fẹ́ dárúkọ fún wọn ní Ìkejà? Ibẹ̀ ni àwọn tó ń pe ara wọn ní abániwáṣẹ́, tí wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù, ti ń rí ọmọ ọlọ́mọ mú. Òfin iṣẹ́ ní kí ẹni tó ń báni kó òṣìṣẹ́ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ mínísítà iṣẹ́; ẹ béèrè rẹ̀, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe máa wo òkè.

Ibi tí ilé gan-an ti ní àléébù ni owó. Ó kéré, ó sì máa ń pẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di ₦70,000 ní 2024, Kogí sì kéde ₦72,500, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25, kò kan iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́, iṣẹ́ oko ìgbà-dé-ìgbà, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ń san lórí iye tí ènìyàn bá ṣe. Gbogbo iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí wà níbẹ̀. Nítorí náà ẹnu yín lòfin yín: ẹ dá iye, ẹ dá ọjọ́ tí wọ́n á san án, kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Bí ìyá alásè bá ní "ṣebí ọmọ wa ni ọ́, a ó rí ara wa", kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kó o tún bi wọ́n pé èló.