Ọyẹ́ kò lè ṣe sàlámì: gbígbẹ nìkan kọ́ ló ń gba ẹran lọ́wọ́ ìbàjẹ́

Tí ọyẹ́ bá ti wọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí aṣọ tí a fọ̀ lówùúrọ̀ ń gbẹ kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn tó mọ̀ pé mo máa ń ṣe sàlámì nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé àsìkò mi dé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹran tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí títí tó fi gbẹ háúháú ti bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Iyọ̀, ìfun ẹran, okùn tí a ó fi so ó rọ̀, àti ọyẹ́, ó parí. Alápatà tí mo ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ nítòsí Tákíé sọ ọ́ fún mi báyìí: "Àǹtí, ẹran tí ọyẹ́ bá ti mú, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe é?" Mo bọ̀wọ̀ fún un, ó mọ ẹran jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ewu inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé mi ò lè fi í sílẹ̀ láì kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sàlámì jẹ́ fún ẹni tí kò bá pàdé rẹ̀ rí. Ẹran tútù ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ti màlúù nígbà mìíràn, tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rá, iyọ̀, aáyù àti ata, tí a kì sínú ìfun, tí a wá so rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi gbẹ. Àwọn ará Ítálì ló sọ ọ́ di olókìkí. Bó bá ti gbẹ tán, ọ̀bẹ ló kàn: wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò dé orí iná rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé wá. À ń rí kílíṣí àwọn Hausa ní Sábó, à ń rí ẹran ìgbẹ́ tí àwọn ọdẹ yan, à ń rí ẹja gbígbẹ lójú títì. Gbogbo wọn gbẹ, gbogbo wọn ń pẹ́ nílẹ̀. Ta ni kò ní rò pé gbígbẹ ló ṣe é? Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣe wọ́n. Oníkílíṣí á la ẹran pẹlẹbẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́, á sá a sóòrùn, omi inú rẹ̀ á sì tán láàárín wákàtí díẹ̀ nítorí pé kò nípọn. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata pa á lára, á tún sá a, á wá yan án lórí iná. Ẹran ọdẹ, èéfín gbígbóná ló gbẹ ẹ́. Ẹja náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tún ń lọ. Iná ti bá wọn lẹ́ẹ̀kan, ó lè bá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí a kà sí ọyẹ́ lọ́rùn, iná ló ṣe é.

Ohun kejì tó ya sàlámì sọ́tọ̀ ni pé a lọ̀ ọ́. Lára ògidì ẹran tí a gé bọ̀ láti ìso, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí máa ń wà, ibi tí ọwọ́, ọ̀bẹ, eṣinṣin àti ìgbẹ́ inú ẹran náà ti kàn án. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń mọ́. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ti di inú nìyẹn, kòkòrò tó wà lójú ẹran ti wọ àárín gbùngbùn sọ́sééjì, afẹ́fẹ́ kankan kò sì ní kàn án níbẹ̀ mọ́.

Wàyí o, kí ni ọyẹ́ ń ṣe fún irú ẹran bẹ́ẹ̀? Sàlámì fẹ́ ibi tó tutù díẹ̀, digiri 12 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà láàárín 75 sí 85 nínú 100. Ẹ ka nọ́ńbà kejì yẹn dáadáa. Ọ̀rinrin ló fẹ́! Lọ́sàn-án ọyẹ́ níhìn-ín, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ kọjá 30, ooru sì lè gòkè kọjá digiri 32. Òru tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òru nìkan kọ́ ni ẹran yóò fi so rọ̀. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, omi ẹ̀yìn sọ́sééjì á fò lọ kí ti àárín tó rìn dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn á sún kì, á di èèpo líle, omi àárín kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko; mi ò tíì rí ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ti sàlámì. Ẹ kàn án lóde, á dún gbagba, ẹ ó rò pé ó ti gbẹ tán. Ẹ là á sí méjì, àárín rẹ̀ á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣú, nígbà mìíràn á ti ní ihò. Líle tó ń fọkàn èèyàn balẹ̀ yẹn gan-an ló sé ìbàjẹ́ mọ́ inú.

Ohun tó sì lè máa gbé níbẹ̀ kì í ṣe ohun àfojúdi. Kòkòrò kan wà tó fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tó lọ́rinrin, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò sì kan. Clostridium botulinum lorúkọ rẹ̀. Májèlé rẹ̀ kì í rùn, kì í yí àwọ̀ ẹran padà, ahọ́n kì í tọ́ ọ wò mọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, gbígbé nǹkan mì á dogun, títí yóò fi kan iṣan tí a fi ń mí. Ní àwọn ọdún 1820 ni dókítà Justinus Kerner, ará Württemberg ní Jámánì, ti ń kọ̀wé lórí àwọn tí sọ́sééjì pa. Ní oṣù Kejìlá 1895, ní Ellezelles, ní orílẹ̀-èdè Belgium, àwọn olórin kan lọ fọn fèrè níbi ìsìnkú, wọ́n sì jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú, tí wọn kò sè. Mẹ́ta nínú wọn kú. Emile van Ermengem, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, ló yẹ ìyókù ẹran náà wò, òun ló sì rí kòkòrò yìí nínú rẹ̀. Ẹran oníyọ̀ ni o, kì í ṣe ẹran tí ẹnikẹ́ni gbàgbé sílẹ̀.

Kí ló wá ń ṣọ́ sàlámì tí àwọn èèyàn fi ń jẹ ẹ́ ní tútù láti ìgbà pípẹ́, tí kò pa wọ́n? Àkọ́kọ́ ni kíkan. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ rárá, ó gbọ́dọ̀ kan, bí ògì ṣe ń kan nínú omi. Ìdílé kòkòrò kan náà ló sì ń ṣe méjèèjì: wọ́n á jẹ ṣúgà díẹ̀ tí a fi sí ẹran náà, wọ́n á sọ ọ́ di ohun kíkan tí àwọn kòkòrò búburú kì í lè gbé inú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, níbi tí ooru ti wà ní nǹkan bíi digiri 18 sí 24, pH ẹran náà, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń kéré ni kíkan ń pọ̀, ní láti wá sí 5.3 tàbí kó kéré sí i. Èmi máa ń fi ìwé tó ń yí àwọ̀ wọ̀n ọ́n, mi ò fi ojú wò ó. Àwọn kòkòrò oníkíkan wọ̀nyí, à ń rà wọ́n ni, wọ́n máa ń gbẹ wọ́n sínú páálí kékeré. Ẹ má fi omidùn rọ́pò wọn, torí ẹ kò mọ ohun mìíràn tó wà nínú omidùn.

Èkejì ni iyọ̀, ṣùgbọ́n ó níwọ̀n: gíráàmù 25 sí 30 sí kílò ẹran kan. Àwọn tó ń bù ú sí i kí ọkàn wọn lè balẹ̀ kò mọ̀ pé àpọ̀jù iyọ̀ a máa dá àwọn kòkòrò oníkíkan náà dúró.

Ẹ̀kẹta ni nitrite, èròjà kan tí a fi ń tọ́jú ẹran, òun gan-an ló ń dènà kòkòrò Ellezelles yẹn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí sàlámì pọ́n dípò kó ṣú. Inú iyọ̀ kan tí wọ́n pa láró pupa rẹ́súrẹ́sú ló máa ń wà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún iyọ̀ ọbẹ̀. Èyí tí nitrite rẹ̀ jẹ́ 6.25 nínú 100, gíráàmù 2.5 péré là ń fi sí kílò ẹran kan. Májèlé ni bó bá pọ̀ jù, nítorí náà orí síkéèlì ni, kì í ṣe orí ṣíbí. Fún ohun tí yóò so rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, irú èyí tí nitrate, tó ń di nitrite díẹ̀díẹ̀, tún wà nínú rẹ̀ ni a ń lò. Ẹlòmíràn á ní kí á fi káún rọ́pò rẹ̀. Rárá o! Káún a máa pa kíkan ni, kò sì ní nitrite kankan nínú. Ẹni tó bá fi káún sí sàlámì ti lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún olè.

Gbígbẹ wá tẹ̀ lé wọn, jẹ́jẹ́. Síbẹ̀ náà, kò sí èyí tó lè dá dúró. Ní 1994, ní ìpínlẹ̀ Washington àti California ní Amẹ́ríkà, sàlámì gbígbẹ tí ilé iṣẹ́ ṣe gbé kòkòrò E. coli O157:H7 wọ inú àwọn èèyàn. Ó gbẹ, wọ́n sì ń tà á nílé ìtajà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn tó ń ṣe é fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ń pa kòkòrò náà. Ara màlúù ni irú kòkòrò yẹn ti ń wá jù, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi ẹran màlúù ṣe tiyín, ẹ gbọ́ o. Ti ẹlẹ́dẹ̀ náà ní aràn tirẹ̀: gígé tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ ní láti wà nínú fírísà tó tutù dé digiri 15 sísàlẹ̀ òdo fún ogúnjọ́ gbáko kí a tó lọ̀ ọ́.

Ṣé a lè wá ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́? A lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ níta. Felino, ìlú kan tí wọ́n ti ń ṣe sàlámì lẹ́bàá Parma ní Ítálì, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó tutù tó sì lọ́rinrin. Àwa kò ní in. Ìgbà òjò tiwa lọ́rinrin, ṣùgbọ́n ó gbóná. Fíríìjì àtijọ́ ló ń ṣe é fún mi, tí mo so mọ́ ẹ̀rọ tó ń pa á tó sì ń tan án kí inú rẹ̀ má kúrò ní digiri 13, pẹ̀lú abọ́ omi iyọ̀ nísàlẹ̀ àti ohun èlò tó ń wọn ọ̀rinrin. Mo máa ń kọ ìwọ̀n sọ́sééjì kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ gíráàmù 800 lọ́jọ́ tí a so ó rọ̀, ó dìgbà tó bá di 520 kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bó bá hu funfun díẹ̀ lára, ẹ má bẹ̀rù. Dúdú àti àwọ̀ ewé ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹni tí iná NEPA rẹ̀ kì í dúró, tí kò sì ní sólà tàbí bátìrì, kó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Kó ṣe kílíṣí, ọyẹ́ á bá a ṣe ìyẹn dáadáa.

Ẹni tó bá sì ti so tiẹ̀ rọ̀ sínú ọyẹ́ kó tó ka èyí, kó má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó dára. Kó má fún ajá. Kó má sì sọ pé òun á fi se ọbẹ̀: lóòótọ́ iná lè pa májèlé Clostridium botulinum, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn wà, bíi Staphylococcus aureus, tí májèlé wọn kì í kú nínú omi híhó. Kó wé e sínú ọ̀rá, kó gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà sí kànga, kó sin ín, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ.