Páàdì Olóòórùn Koríko

Ẹ kú ọlá o, ẹ̀yin ará Lẹ́kkí. A ti rí i. Ajá Lhasa, ríbọ́ọ̀nù lórí, ó gúnwà láàárín pálọ̀ sórí páàdì, aṣọ rírọ̀ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ kó máa tọ̀ sí. Páàdì ọ̀hún sì ń ta sánsán: òórùn koríko! Wọ́n fín lọ́fínńdà koríko sí i kí ajá lè rò pé ìta lòun wà. Ìta náà rèé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìṣísẹ̀ 5 péré, koríko tútù yọ̀yọ̀. Ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń gé koríko, ẹ ń sanwó fún páàdì tó ń rùn bíi koríko, ẹ tún ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí fáànù lè lé òórùn ìtọ̀ orí ayédèrú koríko jáde. Ajá ò rí koríko, koríko ò rí ajá. Ọgbọ́n yín pọ̀ jù.

Ẹ ní nítorí àrùn ajá tí wọ́n ń pè ní parvo ni. Òótọ́ ni pé parvo ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ó sì ń pa ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, abẹ́rẹ́ tó máa ń parí nígbà tó bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń lo páàdì títí dìgbà náà, a ò bá a wí. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlá, tí ẹ ní géètì, tí ajá àjèjì kan ò wọlé yín rí ńkọ́? Ajá yín ti pé ọdún 2!

Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ajá fi ń mọ ibi tí yóò tọ̀ sí. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ kọ́ ọ, ó wá tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì, ó tọ̀ sórí ẹní ìkírun àlejò, ẹ ń pariwo. Ta ló kọ́ ọ? Òmíràn a tilẹ̀ fa páàdì ya, a gbé hóró inú rẹ̀ mì, irú èyí tó ń mu omi nínú pámpásì, ìfun rẹ̀ sì lè dí.

Ọ̀lẹ ni yín, ẹ jẹ́ á pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ajá olóṣù 2 kì í lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí 3 lọ. Bó bá jí, ẹ mú un jáde. Bó bá jẹun, kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, ẹ mú un jáde. Bó bá ṣeré tán, bákan náà. Ojú kan náà ni kó jẹ́, torí òórùn àná ló ń rán an létí. Ẹ dúró tì í, ẹ fi fóònù sílẹ̀. Bó bá ti tọ̀ tán, níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fún un ní ẹran bíńtín. Bó bá di inú ilé, yóò rò pé torí ó wọlé lẹ ṣe ń kẹ́ ẹ. Ẹ yé fi imú rẹ̀ gbolẹ̀ nígbà tó bá ṣèèṣì: ohun tí yóò kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń tọ̀ sẹ́yìn àga. Ẹ má sì fi ọṣẹ tó ní ammonia nu ibẹ̀, ìtọ̀ nìyẹn ní imú ajá. Ajá tí páàdì bá ti mọ́ lára, ẹ máa sún páàdì náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà, kó tó bọ́ síta.

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá yàgbẹ́ sílẹ̀, ajá là ń pè kó wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Lónìí, ajá ló ń yàgbẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ sì ń pè. Bó bá béèrè owó oṣù rẹ̀, ẹ ní kó ṣe sùúrù. Owó páàdì nìkan ni kò mọ sùúrù.