Gáàsì AC kì í jó tán

"Gáàsì rẹ̀ ló ti tán." Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Kàbbà ló tún ń sọ ọ́ nípa AC wọn tí kò tutù mọ́, wọ́n sì ti fẹ́ pe ẹni tí yóò gbé sílíńdà wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń ra gáàsì yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Kò sí ohun tó ń jó gáàsì inú AC. Inú páìpù bàbà tí wọ́n dí pa ló ń yí po: kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri, á tì í síta kó lọ da ooru nù, á tún padà wọlé wá kó òmíràn. Ẹ wo fíríìjì ilé yín, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́. Ti ìyá mi ti wà ńlẹ̀ kí àbúrò mi tó wọ yunifásítì. Àbúrò ọ̀hún ti ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó fi gáàsì kún fíríìjì náà rí. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ti AC nìkan ló ń tán?

Ọyẹ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí ìdérí AC ẹ̀gbọ́n, ènìyàn lè fìka kọ orúkọ sára eruku tó wà lórí asẹ́ rẹ̀. A fọ̀ ọ́, ó sàn díẹ̀. Mo bọ́ síta lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀ tó wà níta: fáànù ń yí, ṣùgbọ́n kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kàn ń kùn "hùn", á sì dákẹ́. Fáànù AC tó wà nínú ilé ló wá ń fẹ́ ooru yàrá padà sí wa lára. Oníná tú kàpásítọ̀ rẹ̀, ohun kékeré tó ń ran kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, orí rẹ̀ ti wú. (Ẹ má fọwọ́ yín tú u o, iná máa ń wà nínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa AC.) Ó fi tuntun síbẹ̀, yàrá sì tutù. Iná tiwa yìí náà ńkọ́? 230 fólítì ló yẹ kó jẹ́. Tó bá fi púpọ̀ dín, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ò ní lè gbéra, bí gáàsì tilẹ̀ kún dẹ́nu.

Wọ́n á ní, "Ṣebí nígbà tí wọ́n fi gáàsì kún un, ó tutù." Ẹni tó wá fi gáàsì kún un ló kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ ò ka ìyẹn sí.

Ó lè dín kù lóòótọ́, bí ibì kan bá ń jò. Ẹ ní kí ẹni tó gbé gáàsì wá fi omi ọṣẹ pa ojú nọ́ọ̀tì páìpù, ibi tó ń jò á máa yọ fóòmù. Kó dí i ná. Ìwọ̀n gáàsì tó yẹ wà lára ẹ̀rọ ìta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kó fi wọ̀n ọ́n, kó má kàn fọwọ́ kan páìpù kó ní ó ti tó. Bí kò bá rí ibi tó ń jò, tó ṣì ń ṣí sílíńdà, ẹ bi í pé ibo ni ti èṣí gbà lọ.