Ọmọ tuntun lè ní òtútù àyà láìwúkọ́
Ẹ ṣeun fún ìròyìn yìí lórí òtútù àyà ọmọ tuntun, àmọ́ ikọ́ àti ibà nìkan lẹ ní kí ìyá máa ṣọ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan lè ní bakitéríà nínú ẹ̀dọ̀fóró kó má wúkọ́ rárá. Ara rẹ̀ tilẹ̀ lè tutù. Èémí rẹ̀ ni kí ẹ kà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nígbà tí kò bá sunkún. Bó bá tó 60, tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí kò mu ọyàn mọ́, ilé ìwòsàn kíá, ìbáà jẹ́ òru! Abẹ́rẹ́ ampicillin àti gentamicin, oògùn tó ń pa bakitéríà, ni wọ́n sábà máa ń fún un, pẹ̀lú ọ́síjìn. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ lágbo. Ó lè gba ọ̀nà òdì wọnú ẹ̀dọ̀fóró.