Ẹyin Wọ Oven, Ebi Ń Pa Ará Ilé

Ẹ bá mi kí àwọn ọkọ Sátidé. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, wọn ò mọ ibi tí iyọ̀ ń gbé nínú ilé ara wọn. Bí ìyàwó bá rìnrìn àjò, gààrí ni wọ́n ń mu sùn. Àmọ́ kí ilẹ̀ Sátidé ṣáà ti mọ́, ẹ ó rí baálé ilé tó so épírọ́ọ̀nù mọ́kùn, tó gbé fóònù ti ike ṣúgà, tó ní kí gbogbo ilé jókòó jẹ́jẹ́, òun fẹ́ yan ẹyin.

Kò ní dín in o. Ẹyin díndín, mẹ́ṣáì ìkóríta ń dín in, ó sì ń dín in dáadáa, ìyẹn ni kò jẹ́ kó gbayì mọ́. Kò sì ní sè é lásán, torí ẹyin sísè, ojú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni wọ́n ti ń sáré gbé e tọ ọkọ̀ lẹ́yìn. Yíyan ni tiẹ̀, nínú ààrò ìgbàlódé tí gbogbo wa ń pè ní oven.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa jẹ lórí ọ̀rọ̀ oven yìí. Nílé Yorùbá tó mọ ara rẹ̀, àká ni oven. Ibẹ̀ ni páànù àkàrà ń sùn. Ibẹ̀ ni ìdérí tí ìkòkò rẹ̀ ti jò láti ayé Ọbásanjọ́ wà, pẹ̀lú àwo ìrẹsì tí wọ́n fi ṣe ìrántí ìsìnkú ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí, àti ọ̀rá tí a ká sínú ọ̀rá. Nítorí náà, iṣẹ́ kìn-ín-ní nínú ẹyin yíyan ni kíkó ẹrù jáde. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgàdà gbogodo, tí màmá bàbá onílé, tó wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú-Igbó, fi nawọ́ gbá igi mú nínú yàrá kejì, ó rò pé olè ti wọlé.

Kí lorúkọ oúnjẹ náà? Shakshuka. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń sè é, ká lè mọ ohun tí ariwo ń tìtorí ẹ̀ sọ. Wọ́n á gé àlùbọ́sà, wọ́n á dà á sínú epo gbígbóná. Wọ́n á fi tàtàṣé sí i, aáyù, kúmínì tó jẹ́ èròjà olóòórùn dídùn, ata díẹ̀. Wọ́n á da tòmátì lé e, yóò máa hó títí omi rẹ̀ á fi fà. Wọ́n á wá fi ṣíbí gbẹ́ kòtò sójú ọbẹ̀, wọ́n á fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan sí kòtò tirẹ̀, wọ́n á tì í sínú oven. Ó parí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọbẹ̀ ata ni! Ọbẹ̀ ata díndín tí a fi ń jẹ iṣu láti jẹ́lé-ó-sinmi, tí ìyá wa ń fọ́ ẹyin sí láìpe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Èmi ò bá àwọn tó ni ín jà. Tùnísíà, Líbíà, Àlìjéríà, apá ibẹ̀ ló ti wá, àwọn Júù tó ṣí kúrò lọ́hùn-ún láàárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n gbé e dé Ísírẹ́lì, kó tó di pé Lọ́ńdọ̀nù àti New York gbọ́ òórùn rẹ̀. Oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni ní ilé rẹ̀. Páànù kan náà ni wọ́n ń yí ká, búrẹ́dì ni wọ́n fi ń bù ú jẹ. Èkó ló fi í joyè. Ní Victoria Island, owó àwo kan ẹ̀, ẹyin méjì péré nínú páànù irin dúdú, yóò ra odidi kíréètì ẹyin, ọgbọ̀n gbáko, ẹ ó sì gba ṣéńjì. Bẹ́ẹ̀ kíréètì náà fúnra rẹ̀ ti gbówó lórí.

Wọ́n á tún ní kò pé láìsí feta, wàrà àwọn ará Gíríìsì. Àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wàrà kiri ní Ìsẹ́yìn àti Ìlọrin lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n fi oje ewé bọmubọmu mú dì, tó funfun báláú nínú omi rẹ̀. Ìyẹn ò ṣe é sọ lórí Instagram. Ewé tútù tí wọ́n ń fọ́n sójú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀fìnrìn wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹ̀fìnrìn ẹ̀yìnkùlé ò ní físà.

Mo ti gbàgbé ẹyin ojú ọ̀run tó gbòde lọ́dún 2017. Ẹ rántí? Wọ́n á ya funfun ẹyin sọ́tọ̀, wọ́n á lù ú títí á fi ru gùdùgùdù bí ọṣẹ ìfọṣọ, wọ́n á yan án, wọ́n á gbé pupa ẹyin lé e láàárín. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bù ú sẹ́nu, afẹ́fẹ́ lẹ gbé mì. Mo mọ bàbá kan tó jẹ tiẹ̀ tán, tó ń wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì bóyá oúnjẹ ṣì ń bọ̀.

Aago tí wọ́n ń jẹ ẹ́ tún wà ńbẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán! Òǹkọ̀wé kan, Ọ̀gbẹ́ni Guy Beringer, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1895 pé kí wọ́n da oúnjẹ àárọ̀ Sọ́ńdè pọ̀ mọ́ tọ̀sán, èyí tí wọ́n ń pè ní brunch, kí àwọn tó fi òru Sátidé mutí lè ráyè sùn dáadáa. Ó bójú mu, ọ̀mùtí ló ń gbèjà. Àwọn tiwa ò kan ọtí. Àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì ń lo oògùn ọ̀mùtí.

Ẹ tún bá mi wo owó iná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbáńdì A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún, láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 náírà lórí yúnìtì kan, díẹ̀ bíńtín ni wọ́n sì yọ kúrò lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó pa iná ilé ìwẹ̀ ló ń mú oven gbóná fún ìdajì wákàtí nítorí ẹyin mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ibi tí eré ti dùn jù ni pupa ẹyin. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn. Tí wọ́n bá ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́ tí kò ṣàn, fídíò ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, funfun ẹyin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 62 Celsius, nígbà tí ooru bá sì fi máa dé 70, pupa rẹ̀ ti le. Àlàfo tóóró yẹn ni bàbá onílé fẹ́ dúró sí. Ó yọ páànù jáde, ó dára. Ó gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé torí ìmọ́lẹ̀. Ó nu etí rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó gbé aṣọ tábìlì elépo yẹn kúrò. Ó yà á lókè, ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Páànù irin ò gbọ́ ti fọ́tò, ooru rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tó máa fi búrẹ́dì kàn án, ẹyin ti le gbagidi.

Ó ní kí wọ́n lọ ra ẹyin sí i.

Aago kan kù díẹ̀ ni wọ́n tó gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì síwájú màmá. Màmá fi ṣíbí kàn án. Ó ṣàn.

"Àkànní, ẹyin yìí ò tíì jinná."

"Ó ti jinná mà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ta ló ní kó rí bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ lókè òkun, mà."

"Ṣé gáàsì ò sí lókè òkun ni?"

Màmá ò dúró gba èsì. Ó gbé páànù, ó padà sí kíṣìnnì, ó bu epo pupa sí i, ó gbé e kaná, ó rò ó pọ̀ tẹyin tata. Iṣu tí ìyàwó ti yọ́ gbé kaná láti aago mẹ́wàá ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ dé bí ẹni pé wọ́n fọn kàkàkí pè wọ́n. Bàbá onílé náà sáré dé, ó gbé fóònù sókè lórí páànù náà, ó ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń wò ó pé ọ̀nà tuntun kan nìyí, ẹyin alásèméjì, pé òun nìkan ló ń ṣe é ní Èkó báyìí, pé kí wọ́n máa retí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.