Àìrìnpọ̀ Ejò Ló Ń Jẹ Ọmọ Ejò Níyà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ láti kékeré wá sílé mi, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Wọ́n ti pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìdánwò ìgbéga níbi iṣẹ́, orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ torí pé kò fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lásìkò. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù jáde. Obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, àwọn méjèèjì jọ wọ àǹkóò kan náà lọ sí òkú ìyá ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n jọ jókòó sórí tábìlì kan, wọ́n jọ ya fọ́tò. Ìyá yìí kò sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà: bí ọká bá ṣáájú, tí sèbé tẹ̀lé e, tí paramọ́lẹ̀ ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Oró wà lẹ́nu kálukú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń fi igi pa wọ́n.

Kì í ṣe pé obìnrin ilẹ̀ wa kò mọ ìrìnpọ̀. Àwa la ni àjọ, àwa la ni èésú. Ẹ dá owó léèsì fún ogójì obìnrin láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti san án. Ṣùgbọ́n kí àyè iṣẹ́ ṣí níbì kan, ẹni tó gbọ́ á pa á mọ́ bí ẹni pa owó mọ́ sídìí aṣọ.

Ẹ wo àwọn ọkùnrin. Bí ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, obìnrin ti gbé báàgì, ó ń sáré lọ mú ọmọ nílé ìwé, ó ń ra ẹ̀fọ́ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin yà síbi ẹran ìgbẹ́, ọ̀gá náà sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé lágbájá fẹ́ fẹ̀yìn tì, pé ẹ̀ka báyìí ń wá èèyàn. N kò bá wọn jà. Wọ́n ń sọ fún ara wọn ni. Àwa tí àyè àtijókòó níbẹ̀ lálẹ́ kò sí fún ló yẹ ká máa sọ fún ara wa lọ́sàn-án gangan.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta mọ èyí. Àwọn obìnrin tó kàwé ló wà nínú ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé ni wọ́n sì ń kọ́ ara wọn. Ìgbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n tó gbọ́ ohun tí ojú ọlọ́jà ń rí: ìrẹsì tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ wọn, owó orí tó ń ni wọ́n lára. Àwọn kan mọ bí a ṣe ń kọ̀wé síjọba, àwọn yòókù mọ bí a ṣe ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin ìlú. Wọ́n jọ jà lórí owó orí náà títí tí Aláké, ọba ìlú, fi sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì wa, ọkàn mi pami. Agùnbánirọ̀ kan, ọmọ tí mo lè bí, ló ń jókòó tì mí lẹ́yìn iṣẹ́ títí ọwọ́ mi fi mọ́ ọn. Nígbà tí àyè ṣí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo mú CV rẹ̀ wọlé lọ bá ọ̀gá, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ìsọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹ̀yin ọmọ náà kò pé o. Ẹ kì í kí àgbà, ẹ kì í bèèrè bí iṣẹ́ ṣe rí lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa kọ̀wé jẹ́rìí yín ni ẹ ń pè. Bí wọn ò bá gbé e, ẹ ó ní obìnrin ni ọ̀tá obìnrin. Ẹnu ta ni àwọn ọkùnrin ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí kò ṣe ẹnu yín?

Àwọn kan á ní ayé ti yí padà, obìnrin ti ń dókè. Ọdún 1894 ni wọ́n dá báǹkì tí à ń pè ní First Bank lónìí sílẹ̀. Ọdún 2015 ni obìnrin kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀, ìyẹn Ìbùkún Awóṣíkà. Ọdún 121 nìyẹn. Ẹ ṣì fẹ́ máa tọ́jú fọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀!

Ẹ̀yin ìyá tí tábìlì yín kọjú sí tọmọ yìí, ẹ ní wọn ò ran ẹ̀yin náà lọ́wọ́ nígbà tiyín. Ìyà tó jẹ yín, ṣé ogún ni, tí ẹ fi ń pín in fọ́mọ? Ẹ bẹ ọmọ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Kí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ tó pé ọjọ́ kan níta, kó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.