Èsì wa sí oníbàárà tó ní màlúù arúgbó la tà fún òun

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. A rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa, a sì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e: pé ọ̀rá ẹran wa pọ́n rúsúrúsú bíi ti màlúù arúgbó, pé ẹran náà dúdú nígbà tí ẹ tú u, pé ó le bí awọ bàtà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ka ohun tí ẹ kọ kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á rajà lọ́wọ́ wa. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyí tí èsì yìí fi máa gùn díẹ̀.

Ọ̀rá ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn mí jù. Koríko tútù ní èròjà kan tó ń jẹ́ beta-carotene, òun náà ló fún kárọ́ọ̀tì láwọ̀. Màlúù tó bá ń jẹ koríko láàárọ̀ lálẹ́, èròjà yẹn á máa wọnú ọ̀rá rẹ̀, ọ̀rá náà á sì pọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọkà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá màlúù tí wọ́n fi ọkà bọ́ fi máa ń funfun. Ohun tí ẹ pè ní àlébù, ẹ̀rí ni pé pápá ni màlúù yẹn ti jẹun. Lóòótọ́, ọ̀rá abo màlúù tó ti dàgbà gan-an náà máa ń pọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, eyín ni kó wò, torí bí màlúù bá ṣe ń dàgbà ni eyín iwájú rẹ̀ ń pààrọ̀. Èyí tí ẹ jẹ, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta la pa á, ó pé oṣù 26, eyín iwájú 2 péré ló sì tíì pààrọ̀ nísàlẹ̀. (Màlúù kò ní eyín iwájú lókè. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tún torí ìyẹn fún wa ní ìràwọ̀ kan.) Alápatà wa, tó ti lo ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ sínú ìwé kó tó mú ọ̀bẹ.

Àwọn tó ń fi ọkà bọ́ tiwọn nínú ọgbà lè pa á ní oṣù 15 sí 18. Àwa ń dúró. A pín pápá wa sí ọ̀nà 12, àwọn màlúù kì í sì lò ju ọjọ́ 3 lọ lórí ọ̀kan. Bí koríko bá ti kù bí ìka mẹ́rin, darandaran wa á kó wọn kúrò, ibẹ̀ á sinmi fún ọjọ́ 33 kí gbòǹgbò lè rójú. Ó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ sì rí bí orí apárí fún ọ̀sẹ̀ 9. Kò tún gbàgbé mọ́.

Ti dúdú tí ẹran dúdú: inú láìlọ́ọ̀nù tí a fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ló wà. Níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́, ẹran màlúù kì í pupa. Ẹ tú u, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, á pọ́n lójú yín. Omi pupa tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ bí ẹni ń fini ṣẹ̀sín pé “ẹran tí wọ́n ní ó ń wo ọkàn sàn”. A ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí a sọ ni pé omega-3 (irú ọ̀rá kan tó wúlò fún ara) inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹran tí a fi ọkà bọ́, ọ̀rá rẹ̀ sì máa ń kéré. Ẹni tó bá ń wá omega-3 lójú méjèèjì, kó lọ ra ẹja ọlọ́ràá.

Ó wá ku líle. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú 40 ni ẹ fi yan ẹran ẹ̀yìn lórí iná tó ń jó gidi. Ẹran tí ọ̀rá rẹ̀ kéré máa ń tètè jiná, kì í sì í dúró dè yín. Bí inú rẹ̀ bá ti gbóná tó ìwọ̀n 63°C, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Ẹran màlúù lílọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 71°C.

Èyí jẹ́ ti àpò àkọ́kọ́ nínú méjì tí ẹ rà. Àpò kejì, a wo ìwé, a sì rí i pé ẹran ẹsẹ̀ ni ọmọ tó ń di ẹrù, tó ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, lẹ àmì ẹran ẹ̀yìn mọ́ lọ́jọ́ 14. Ẹran ẹsẹ̀ kò ṣe é yan, wákàtí 3 lórí iná jẹ́jẹ́ ló ń fẹ́. Ẹ̀bi wa nìyẹn, ẹ má bínú. Ti fóònù tí ẹ ní a ò gbé, ọjọ́ Àìkú lẹ pè.

Àpò ẹran ẹ̀yìn 4 ló ń bọ̀ wá bá yín lọ́fẹ̀ẹ́ dípò 1 tí a ṣì. Ẹ ò sì ní láti pa ìràwọ̀ yín rẹ́. Alápatà fúnra rẹ̀ ni yóò lẹ àmì mọ́ àwọn àpò náà. Aago tí ẹ ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nìkan ni kò ní sí nínú ẹrù náà.